HERBERT MACAULAY: AKỌNI TÓ FI ÌWÉ ÌRÒYÌN JÀ FÚN ÌLÚ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Púpọ̀ nínú àwa tí a ti ń ṣòwò ní Sabon Gari láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ti fi ọwọ́ ara wa ka àwòrán Herbert Macaulay láìmọye ìgbà, nítorí pé òun ni àwòrán rẹ̀ wà lára owó bébà náírà kan tí ìjọba gbé jáde ní 1979. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ pé ìlú Kánò yìí ni ìrìn-àjò rẹ̀ ìkẹyìn dé kò pọ̀. Ní 1946, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 81, ó wá sí Òkè Ọya nítorí ọ̀rọ̀ ìlú. Kánò ni àìsàn ti mú un. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, kò sì dìde mọ́.

Ìdí kìíní nìyí tí ó fi yẹ kí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà nínú ìwé ìrántí ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa yìí. Ìdí kejì ni ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Macaulay wà lára àwọn tí ó fi han orílẹ̀-èdè yìí ohun tí ìwé ìròyìn lè ṣe bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí òun ń lé. Ó fi ṣe rere púpọ̀. Ó sì tún fi ṣe àṣìṣe. Àwa tí a ń gbé ìlú tí kì í ṣe ìlú baba wa ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ nínú méjèèjì.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni a bí Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Macaulay ní ìlú Èkó. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama CMS sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, òun sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Abigail, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọlọ́run sì sọ di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ láàrin àwọn ènìyàn dúdú nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ yìí ni púpọ̀ nínú Bíbélì èdè Yorùbá ti jáde. Inú ilé ìwé gan-an ni wọ́n bí Macaulay sí.

Bàbá rẹ̀ kú ní 1878, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 13. Ó ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1881 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré ní ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀nà àti ilé ìjọba. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Nígbà tí ó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ìjọba ní Èkó.

IṢẸ́ ÌJỌBA ÀTI ÌJÀ ILẸ̀

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni ó la Macaulay lójú. Ẹni tí ó ń wọn ilẹ̀ ni ó ń mọ ẹni tí ilẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó ń gbà á. Ó rí i pé ohun tí ìjọba ń san fún òyìnbó àti ohun tí ó ń san fún ènìyàn dúdú lórí irú iṣẹ́ kan náà kò dọ́gba. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ń dá iṣẹ́ awọnlẹ̀ ti ara rẹ̀ ṣe.

Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kálàmù jà. Ní 1908 ó tẹ ìwé pélébé kan jáde tí ó fi bá Gómìnà Egerton wí nípa bí wọ́n ṣe ń ná owó rélùwéè. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ojú irin tí ó ń jà lé owó rẹ̀ lórí yìí náà ni ó dé Kánò ní 1911, tí ó gbé àwọn bàbá wa wá, tí ìjọba sì tẹ Sabon Gari dó sí ìta odi ìlú fún àwọn àlejò tí ó bá ọkọ̀ ojú irin dé.

Ìjà tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá ni ìjà ilẹ̀ Àpápá. Ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, wọ́n sì ní Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ilẹ̀ náà bí ó ṣe rò. Olóyè náà gbé ẹjọ́ dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Macaulay bá a lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ní 1921 ilé ẹjọ́ dá wọn láre, ìjọba sì san £22,500. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Èkó ti ka Macaulay sí akọni.

Ní Lọ́ńdọ̀nù yìí náà ni ó ti rí agbára ìwé ìròyìn. Ó gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dání, ọ̀rọ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn òyìnbó pé Elékòó ni ọba gbogbo Nàìjíríà. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Elékòó rán agogo káàkiri Èkó láti sẹ́ Macaulay. Agogo ni ìwé ìròyìn àwọn tí kò mọ̀wé nígbà náà. Elékòó kọ̀, kò lu agogo. Ìjọba kò dárí jì í. Ní 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́.

ÌLẸ̀KÙN TÍ A TÌ MỌ́ Ọ

Ó yẹ kí a sọ èyí láìfi bò. Ní 1913 ilé ẹjọ́ dá Macaulay lẹ́bi lórí owó ogún kan tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbà pé ìjọba ni ó fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ìlú gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú.

Ohun tí ó dájú ni pé ẹ̀wọ̀n náà ti ìlẹ̀kùn kan mọ́ ọn. Ní 1922 òfin Gómìnà Clifford fún Èkó ní àga mẹ́ta àti Calabar ní àga kan tí a óò máa dìbò yan ènìyàn sí nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1923, Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó ní 1923, ó tún kó wọn ní 1928 àti 1933. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ jókòó níbẹ̀. Òun tí ó ń kó ìlú jọ, òun ni kò lè wọlé. Ìwé ìròyìn ni ó wá di àga rẹ̀.

TA NI Ó NI ÌWÉ ÌRÒYÌN?

Bí ìwé ìròyìn Èkó ṣe rí nígbà náà yẹ fún àlàyé. Nigerian Pioneer, tí Kítóyì Àjàsá dá sílẹ̀ ní 1914, jẹ́ ọ̀rẹ́ ìjọba, ìlú sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Lagos Weekly Record, tí ó wà lọ́wọ́ Thomas Horatio Jackson, ń ti Macaulay àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1926, Adéyẹmọ Alákijà àti àwọn oníṣòwò òyìnbó dá Nigerian Daily Times sílẹ̀, wọ́n sì fi Ernest Ikoli ṣe olóòtú rẹ̀. Ìwé àwọn oníṣòwò ni, kò sì ní í máa jí lójoojúmọ́ láti bú ìjọba tí ó ń fún àwọn oníṣòwò láàyè. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Macaulay mọ̀ pé ìwé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kò lè bá ìwé ojoojúmọ́ jà. Ní 1927, òun àti Dókítà Akilade Caulcrick ra Lagos Daily News, ìwé ojoojúmọ́ tí Victor Bababunmi ti dá sílẹ̀ ní 1925. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá jíròrò ní ilé rẹ̀, Kirsten Hall ní Balbina Street, kì í pẹ́ kí ó tó jáde nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ owó omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ọba tí ó wà ní ìgbèkùn ní Ọ̀yọ́: gbogbo rẹ̀ ni àwọn olóyè, àwọn ìmàle Èkó àti àwọn ìyálọ́jà tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn ń rí ẹni bá wọn sọ.

Ìwé ìròyìn kì í gbé afẹ́fẹ́ jẹ. Ó ń fẹ́ bébà, ó ń fẹ́ tàdáwà, ó ń fẹ́ owó oṣù fún àwọn tí ń to lẹ́tà. Owó tí a fi ń ra ìwé kan kò tó láti gbọ́ bùkátà wọ̀nyí. Ìpolówó ọjà ni ó ń gbọ́ ọ, ọwọ́ ìjọba àti àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó ni ìpolówó sì wà. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Èyí kì í ṣe àrùn Èkó nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, Lord Northcliffe ni ó ni Daily Mail, ó sì ra The Times mọ́ ọn ní 1908, àwọn olórí ìjọba sì ń bẹ̀rù ohun tí ó lè kọ. Macaulay kò jẹ dòdò ìjọba, èyí sì ni ògo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni oníwèé, òun náà ni olórí ẹgbẹ́. Ta ni yóò wá bá ẹgbẹ́ náà wí nínú ìwé náà bí ó bá ṣìnà?

ÀHESỌ TÍ Ó GBÉ E LỌ SÍ Ẹ̀WỌ̀N

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn dé ní 1928. Lagos Daily News tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ti ṣètò láti fi ẹ̀tù pa Ọba Èṣùgbàyí bí ó bá ń padà bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ẹ wo bí ìlú yóò ti rí nígbà tí wọ́n ka irú èyí nípa ọba tí wọ́n ń sunkún rẹ̀. Ìjọba gbé Macaulay lọ sí kóòtù. Ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà láìsí ààyè owó ìtanràn.

Òtítọ́ ni pé ìjọba ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà mú un. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn ní ọ̀nà. Ẹ̀dùn ọba ti gbilẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ gbà gbọ́ ni ìròyìn náà sọ, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé iṣẹ́ náà tí ipò rẹ̀ tó láti dá oníwèé dúró títí a ó fi wádìí. Bí ó bá jẹ́ Pioneer ni ó tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹgbẹ́ NNDP, Macaulay ni ìbá kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀rí.

Ẹjọ́ ọba náà kò kú. Wọ́n tún gbé e dé Privy Council, ilé ẹjọ́ náà sì sọ ní 1931 pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé òfin gbà á láyè láti lé Elékòó kúrò nílùú. Gómìnà Cameron jẹ́ kí Èṣùgbàyí padà sí Èkó ní ọdún náà. Kálàmù àti sùúrù àwọn agbẹjọ́rò ni ó mú un padà.

ÀWỌN ỌMỌ TUNTUN

Nígbà tí ọba ti dé ilé, ìjà Macaulay pẹ̀lú ìjọba rọlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i. Wọ́n ní ẹgbẹ́ NNDP ti di ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ ilé Èkó nìkan, pé ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà kò jẹ ẹ́ lógún. Ní 1934 wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Nigerian Youth Movement sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1937 Nnamdi Azikiwe gbé West African Pilot jáde, ìwé tí ó ní agbára, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń dù láti rà. Ní 1938 ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ NNDP, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwé tiwọn tí wọ́n pè ní Daily Service.

Ẹni tí ó ti ń borí fún ọdún 15 ṣubú. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ìbá fi ìbínú wọ inú ilé. Macaulay kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1944 láti kó gbogbo ẹgbẹ́ Nàìjíríà jọ, ó gbà láti jẹ́ ààrẹ rẹ̀, Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé àgbà. Ọmọ Yorùbá Èkó ẹni ọdún 79 àti ọmọ Ìgbò tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 39 jókòó sí ìdí tábìlì kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

ÌRÌN-ÀJÒ KÁNÒ

Ní 1945 Gómìnà Arthur Richards gbé òfin tuntun kalẹ̀ fún Nàìjíríà láìbi àwọn ọmọ ìlú léèrè tó bí ó ti yẹ. Ẹgbẹ́ NCNC pinnu láti rìn kiri gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì kó owó jọ láti rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìròyìn Azikiwe ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n Macaulay mọ̀ pé ìwé nìkan kò tó. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ará Òkè Ọya, àfi kí a lọ bá a.

Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó ẹni ọdún 81 ṣe wọ Òkè Ọya wá ní 1946. Ó dé Kánò. Kánò ni ara rẹ̀ ti kọ̀, tí ó fi di dandan kí ó padà sí Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún náà ni ó jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó sìn ín lọ sí ibojì Ìkòyí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dá ìrìn-àjò náà dúró. Wọ́n ń bá a lọ láìsí i.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN RẸ̀

Ikú rẹ̀ mú àgbà kan kúrò láàrin àwọn oníwèé ìròyìn. Ní 1948 Pilot ti Azikiwe àti Daily Service tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Yorùbá bú ara wọn débi pé Yorùbá àti Ìgbò ní Èkó ń ra àdá lọ́jà de ara wọn. Ní 1949 Azikiwe gbé ìwé rẹ̀ mìíràn, Daily Comet, wá sí Kánò. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Gaskiya Ta Fi Kwabo ti wà ní Zaria láti 1939, owó ìjọba ni wọ́n sì fi dá a sílẹ̀. Olúkúlùkù ní ìwé tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1953 dé. Ní oṣù kẹta, Anthony Enahoro dá àbá ní Ilé Aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣòfin Òkè Ọya kò fara mọ́ ọdún náà. Àwọn èrò hó lé wọn lórí ní Èkó, àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé ìbínú náà padà sílé. Ní oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ rán Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ẹni tí ó ti ṣe olóòtú Daily Service rí, wá ṣe ìpàdé ní Kánò. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni ó sì gbà. Sabon Gari yìí ni ó ti gbóná jù. Ìjọba ka òkú 36, ará Òkè Ọya àti ará Gúúsù, àwọn tí ó farapa sì lé ní 200.

A kò sọ pé ìwé ìròyìn nìkan ni ó fa ìjà náà. Ìbẹ̀rù àti ìfura ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ yẹ̀yẹ́ náà wà ní Èkó, inú ilé wọn ni wọ́n sùn. Oníṣọ̀nà, aláṣọ àti aláàárù ní Kánò ni ó san gbèsè ọ̀rọ̀ tí wọn kò kọ.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ìwé ìròyìn a máa pààrọ̀ ọwọ́. Daily Times bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1947. Ní 1975 ìjọba àpapọ̀ gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí oníwèé bá ti yí padà, ohùn ìwé a yí padà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ìwé ní ẹni tí ó ni ín, nítorí bí Macaulay kò bá ní ìwé tirẹ̀, ta ni ìbá gbẹnu sọ fún ọba tí a lé lọ? Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kí òǹkàwé má bèèrè ẹni tí ó ni ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, bí ìròyìn bá dé, yálà nínú ìwé, lórí rédíò tàbí lórí fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó gbé e jáde àti ohun tí ó ń wá. Ẹ wá ohùn kejì. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín tí ó jẹ́ Hausa tàbí Ìgbò kí ẹ tó gbé e dé ọjà. Macaulay, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, gbàgbé láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1928, oṣù mẹ́fà ẹ̀wọ̀n ni ó fi jìyà rẹ̀. Àwa tí a wà níbí lè má rí i san ní oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n kí a tún rántí pé nígbà tí ó darúgbó, ó fi tábìlì ìwé sílẹ̀, ó sì rìn wá bá àwọn ará Òkè Ọya lójúkojú. Ìrìn yẹn ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ máa rìn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa dàgbà, kí ó má rí ìjà, kí àlàáfíà jọba ní Kánò àti ní gbogbo Nàìjíríà. Àṣẹ.